Ta ló láṣẹ láti fi iṣẹ́ tuntun kún sprint tó ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin akẹgbẹ́. Èmi ni product manager ikọ̀ kan tó ń kọ sọ́fítíwíà, èmi náà ni product owner rẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń pinnu iṣẹ́ tó yẹ kó ṣáájú, ọ̀sẹ̀ méjì méjì sì ni sprint wa, ìyẹn sáà kúkúrú tí a ń pín iṣẹ́ sí. Bí a bá ti fẹnu kò lórí ohun tí a ó ṣe, kì í pẹ́ tí ọ̀gá ẹ̀ka ìtajà yóò fi gba ẹ̀yìn lọ bá ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ kóòdù, pé oníbàárà pàtàkì kan ń bèèrè nǹkan, kí ó bá òun ṣe é kíákíá. Bí sprint bá parí tí iṣẹ́ kò parí, èmi ni wọ́n máa ń bi. Bí mo bá sì kọ̀, wọn a ní ṣebí agile, ọ̀nà ìṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ tó ń fàyè gba àyípadà, là ń ṣe, ṣebí agile ló ní kí a máa gba àyípadà tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ?

Èsì kìíní

Ìdajì òótọ́ ni. Gbígba àyípadà, kódà nígbà tí iṣẹ́ ti lọ jìnnà, wà nínú ìlànà 12 tó bá ìkéde agile ti ọdún 2001 rìn, èyí tí àwọn ènìyàn 17 fọwọ́ sí lẹ́yìn ìpàdé wọn ní Snowbird, ní ìpínlẹ̀ Utah. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí àyípadà máa gba ẹ̀yìn wọlé. Bí ẹ bá ń lo Scrum, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà agile tó ń lo sprint, Scrum Guide ti ọdún 2020, ìwé ìlànà rẹ̀, là á mọ́lẹ̀ pé product owner ni títo product backlog, àkójọ gbogbo iṣẹ́ tó ń dúró láti ṣe, wà níkàáwọ́ rẹ̀, pé ẹnì kan ṣoṣo ni, kì í ṣe ìgbìmọ̀, àti pé ẹni tó bá fẹ́ yí nǹkan padà nínú rẹ̀, òun ni kí ó lọ bá, kí ó yí i lérò padà. Bí sprint bá ti ń lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe àyípadà tó lè ṣàkóbá fún sprint goal, ìyẹn ohun tí sprint náà wà láti mú ṣẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà lè dúnàádúrà lórí ìwọ̀n iṣẹ́ bí òye yín bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹ ṣàkíyèsí pé sprint goal ni wọ́n dáàbò bò, kì í ṣe àkójọ iṣẹ́. Kí ni tiyín? Bí ó bá jẹ́ pé kí ẹ sáà parí gbogbo ohun tó wà lákọsílẹ̀ ni, kò sí ohun tí ẹ ó fi wọn ohun tí ọ̀gá náà gbé wá.

Èsì kejì

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n èmi kò tíì rí ọ̀gá ìtajà tí ẹnikẹ́ni fi Scrum Guide borí. Ẹni tó ń gba ẹ̀yìn wọlé sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ti kan ilẹ̀kùn iwájú títí tí kò rí ẹni dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí ó mọ ẹni tí yóò bá àti ìgbà tí yóò gbọ́ èsì, kí ẹ sì bi í ní ohun méjì: kí ni a ó pàdánù bí ohun yìí bá dúró di sprint tó ń bọ̀, àti èwo nínú iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni kí a yọ kúrò fún un? Ìbéèrè kejì yìí ni ọ̀pọ̀ “kíákíá” kì í kọjá. Bí ó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ pàjáwìrì ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yín lóòótọ́, bí ó ti máa ń rí fún ikọ̀ tó ń tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, a jẹ́ pé sprint gan-an ni kò bá yín mu. Ẹ wo Kanban, ọ̀nà tí iṣẹ́ ti ń wọlé bí àyè bá ṣe ń ṣí láìdúró de sprint, kí ẹ fi gbèdéke lé iye iṣẹ́ tó lè wà lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Lóòótọ́, àkójọ iṣẹ́ lásán ni à ń pè ní sprint goal. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yìí jù mí lọ nípò. Bí ó bá lọ bá olórí ilé-iṣẹ́ ńkọ́?

Èsì kìíní

Ẹ jẹ́ kí ó lọ. Bí olórí bá pàṣẹ, ẹ gbà, ṣùgbọ́n ẹ sọ lójú gbogbo ènìyàn iṣẹ́ tí yóò yẹ̀ nítorí rẹ̀, kí ẹ sì fi í hàn nígbà sprint review, ìpàdé ìparí sprint tí a ti ń yẹ iṣẹ́ wò. Bí àṣẹ náà bá sọ sprint goal di ohun tí kò wúlò mọ́, ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè fagi lé sprint náà. Ẹ má sì jẹ́ kí ó jẹ́ ẹni tó ń kọ kóòdù ni yóò máa sọ fún ọ̀gá pé kò ṣeé ṣe. Kí ó kàn sọ pé ọ̀dọ̀ yín ni kí ó gbé e wá.