Ìrántí ọdún kan bàbá mi ti fẹ́ dìjà nílé wa, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Bàbá Káàdì:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi, inú ń bí mi ni.

Ọdún tó kọjá ni bàbá mi kú. Ẹ̀pẹ́ la wà. Ilé ìwòsàn ìjọba kan ládùúgbò wa ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì, láti kékeré mi. Nígbà tí kò tíì sí kọ̀ǹpútà, tí fáìlì aláìsàn kún orí pákó títí kan àjà, ẹni tó bá gbàgbé káàdì sílé, àwọn yòókù á ní kó lọ sanwó tuntun. Bàbá mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní, "Kí lorúkọ ìyá ẹ? Òkè-Balógun lẹ wà àbí Pápá?" Wọ́n á wọlé lọ, ó máa ń pẹ́ díẹ̀, wọ́n á sì mú fáìlì yẹn jáde, eruku á ti bo gbogbo irun wọn. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja láti ọjà Olúwo a máa gbé ẹja wá dúpẹ́. Bàbá á mú ẹyọ kan, wọ́n á dá ìyókù padà. Inú màmá mi kì í dùn sí ìyẹn rárá.

Nílé ńkọ́? Bí màmá mi bá ti lọ ọjà Èjìnrìn, bàbá ló ń di irun mi. Irun yẹn burú jáì, ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tú u. Bí wọ́n bá gbowó oṣù, búrẹ́dì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rà, èyí tó kéré jù nínú wa ló sì máa kọ́kọ́ mú.

Ìrántí ọdún kan wá kù díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní màlúù ni, onífújì ni, àti pé ká ṣe é mọ́ ọdún Káyókáyó kí àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó wà lókèèrè lè bá a nílé. Ìyàwó bàbá mi ti lọ mú léèsì aláwọ̀ búlúù, ó ti ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Búlúù! Bàbá mi ò wọ búlúù rí láyé wọn. Èmi ní ká ra bẹ́ńṣì àti táǹkì omi sí ibi ìgbakáàdì tí wọ́n ti ṣiṣẹ́, torí títí dòní olónìí, orí ìdúró ni àwọn aláìsàn ń wà láti ìdájí. Ẹ̀gbọ́n mi ní, ṣé ilé ìwòsàn ló bí bàbá ẹ ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ bàbá níbi iṣẹ́ ní àwọn fẹ́ wá sọ̀rọ̀ nípa wọn, ó ní ta ló pè wọ́n. Ó tún gbé fọ́tò ẹbí sórí Facebook, ó gé èmi kúrò níbẹ̀.

Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Tí mo bá kàn dá ṣe tèmi, ṣé mo ṣẹ̀?

Ọmọ Olúwo:
Háà, Bàbá Káàdì! Bàbá tó máa ń fi ìgò ojú sórí iwájú orí, tó tún máa ń wá a kiri? Ìyàwó mi ń rọbí lóru, gbogbo wa gbàgbé káàdì sílé nínú ìpayà. Kí n tó ṣàlàyé tán, wọ́n ti dìde. Ọmọ náà ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì báyìí. Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Bẹ́ńṣì ni o jàre.

Alùfáà Kékeré:
Sàlámù àlékúmù. Arábìnrin, ìrántí ọdún kan kò sí nínú ẹ̀sìn. Ojíṣẹ́ Ọlọ́run sọ pé bí ọmọ ènìyàn bá kú, iṣẹ́ rẹ̀ dúró, àfi ọ̀nà mẹ́ta: sàdákà tó ń ṣàn lọ, ìmọ̀ tí àwọn èèyàn ń jàǹfààní rẹ̀, àti ọmọ rere tó ń ṣàdúà fún un. Táǹkì omi wà nínú èyí àkọ́kọ́. Onífújì ò sí nínú ìkankan.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú:
Àfáà, ẹ kú wàásù. Ẹ ò jẹun níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ rí ni? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Àǹtí, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ayẹyẹ bàbá wọn. Nígbà tí bàbá tèmi kú, a ní a ò ṣe nǹkan kan, a kó owó fún ilé kéwú. Títí di òní, tí mo bá gba ìta wa kọjá, wọ́n á ní "àwọn ọmọ tó sin bàbá wọn bí ẹni sin adìyẹ." Ìkókóré tí mo sè lọ́jọ́ náà pàápàá, wọ́n ní kò kárí.

Alùfáà Kékeré:
Fídáù tí ẹ ń sọ, àdúà ni mo lọ ṣe níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú:
Pẹ̀lú itan adìyẹ méjì.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:
Ọmọ mi, ẹ kú àfẹ́kù bàbá. Mo bá àwọn ẹlẹ́ka káàdì ṣiṣẹ́ títí mo fi kúrò, mo mọ irú èèyàn tí ẹ ń sọ. Ìbéèrè mi: ẹnu iṣẹ́ ni bàbá wà nígbà tí wọ́n kú, àbí wọ́n ti fẹ̀yìn tì? Tó bá jẹ́ ẹnu iṣẹ́, òfin penṣọ̀n 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ ra ìńṣọ́ránsì ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, tí kò ní dín ní ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tó ń gbà lọ́dún. Èkó náà ti ní òfin tirẹ̀ láti 2007. Ẹ ti dé ọ̀dọ̀ LASPEC, àjọ penṣọ̀n ìpínlẹ̀ Èkó? Ọ̀pọ̀ ẹbí ni kì í béèrè.

Bùọ̀dá Lọ́yà:
Mo fi tèmi kún un. Ìyàwó mélòó ni bàbá fi sílẹ̀? Ọmọ mélòó? Ta ló fẹ́ náwó bẹ́ńṣì àti táǹkì yìí? Ẹ ò sọ ọ́.

Ọmọ Bàbá Káàdì:
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ọmọ Olúwo, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, ìgò ojú yẹn náà ni. Nọ́ọ̀sì, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n wà, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n kírun ìṣáà tán, wọ́n sì ṣubú. Ìyá Ìbejì, kì í ṣe pé mi ò fẹ́ kí èèyàn jẹun. Ṣùgbọ́n màlúù méjì? Wọ́n wá ní èmi ni kí n san ọ̀kan nítorí pé Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹni pé à ń ká owó lórí igi l'Ékòó.

Sísí Àgbówà:
Ṣé wọ́n fi fọ́tòṣọ́ọ̀pù yọ yín kúrò nínú fọ́tò yẹn ni àbí wọ́n kàn gé e? Torí mo mọ ẹni tó lè dá a padà.

Àgbà Àgbádárìgì:
Ìwọ ọmọ yìí, ìyàwó bàbá ẹ ni o ń fi búlúù bá jà yẹn. Ìyá ni lọ́dọ̀ ẹ, bí kò tiẹ̀ bí ẹ. Ní tiwa níbí, àbúrò màmá mi kan bá orogún ìyá rẹ̀ fa irú ọ̀rọ̀ yìí, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ìyẹn fi kú. Lọ bẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Bàbá Káàdì:
Mo bọ̀wọ̀ fún yín, bàbá, ṣùgbọ́n mi ò bú wọn o. Mo ní bàbá ò fẹ́ búlúù.

Bùọ̀dá Lọ́yà:
Ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí owó.

Ọmọ Bàbá Káàdì:
Ẹ̀yin Bùọ̀dá náà le. Kì í ṣe owó ẹnikẹ́ni. Owó tí bàbá mi kó pamọ́ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, orúkọ tèmi ni wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ti ìńṣọ́ránsì tí Nọ́ọ̀sì ń sọ náà ti wọlé sí àkáǹtì mi, ó ti pẹ́ díẹ̀. Mi ò tíì sọ fún wọn nílé, torí mo mọ̀ pé màlúù ni wọ́n máa fi rà. Àwọn àbúrò mi méjì tí ìyàwó bàbá bí ṣì ń lọ sílé ìwé, mo ní ká kọ́kọ́ ṣe ìrántí yìí ná, lẹ́yìn ìyẹn màá mọ ohun tí mo máa ṣe fún wọn.

Sísí Àgbówà:
Hẹ́ẹ̀n!

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú:
Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà, a ti ń jà lórí léèsì láti àárọ̀.

Bùọ̀dá Lọ́yà:
Àǹtí, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù, òun ni wọ́n máa pè, òun ni wọ́n sì lè san owó fún. Ìyẹn lè má sọ owó náà di tirẹ̀ nìkan. Tí bàbá ò bá kọ ìwé ìhágún, ó yẹ kí ẹbí lọ gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún nílé ẹjọ́ gíga. Tó bá jẹ́ ti àṣà Yorùbá, ìdí-igi ni ilé ẹjọ́ ń tẹ̀lé, ẹjọ́ Dawodu àti Danmole dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ti ọba ní London ní 1962. Ojú ìyàwó ni wọ́n fi ń pín in, kì í ṣe iye orí ọmọ, àyàfi tí olórí ẹbí bá rí i pé orí-ò-jorí ló máa mú àlàáfíà wá.

Alùfáà Kékeré:
Mùsùlùmí ni bàbá, ìdí-igi kọ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ san gbèsè rẹ̀. Ìyàwó tó fi sílẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, torí ọmọ wà. Lẹ́yìn náà ọmọkùnrin á gba ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin. Àní bí bàbá bá tilẹ̀ sọ pé kí wọ́n fi owó ra bẹ́ńṣì, kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Sàdákà kì í jẹ́ sàdákà bí ẹ bá fi owó ọmọ òrukàn ṣe é.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú:
Lórí èyí, èmi àti Àfáà fohùn ṣọ̀kan. Ẹ sàmì sí ọjọ́ òní.

Ọmọ Bàbá Káàdì:
Ṣé mo jẹ owó náà ni? Kò sí kọ́bọ̀ tó kúrò níbẹ̀. Bàbá fúnra wọn ló yàn mí, wọ́n mọ̀ ìdí tí wọn ò fi kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò mọ ẹ̀gbọ́n mi.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìn Tì:
A ò mọ̀ ọ́n, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bàbá yín yẹn, ṣé wọ́n jẹ́ fún ẹnikẹ́ni ní fáìlì tí kì í ṣe tirẹ̀ rí? Kódà bí ó bá jẹ́ ọmọ ọ̀gá. Ọmọ mi, ẹ fi owó yìí han ìyá àwọn ọmọ yẹn kí ìrántí tó dé. Owó ilé ìwé ò mọ ìgbà ayẹyẹ.

Àgbà Àgbádárìgì:
Mo ti ní kó lọ bẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Bàbá Káàdì:
Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo pe àbúrò bàbá mi tó wà ní Ìtóìkín, ó ní ká jókòó nílé òun lọ́jọ́ Sátidé, èmi, ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó bàbá. Màá mú ìwé báńkì lọ. Bùọ̀dá Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ìwé wo ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ wa tí a bá fẹ́ gba ti ilé ẹjọ́ yẹn, yàtọ̀ sí ìwé ẹ̀rí ikú? Àti pé mi ò ní wọ búlúù o.

Bùọ̀dá Lọ́yà:
Ẹ kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀, mo máa tò ó fún yín. Àwọn ẹlẹ́rìí onídùúró ni ẹ máa kọ́kọ́ wá.

Ọmọ Olúwo:
Àǹtí, bí ẹ bá pín in tán tí owó bẹ́ńṣì ò bá kù, ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún èmi. Káfíńtà mi wà ní ẹ̀yìn ọjà, ó ń lo igi ìrókò. Ẹ kàn sọ bó ṣe gùn tó.