Ọmọ tí ààyè ò sí fún: kí la máa gbà dípò ẹ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Tíìmù baseball tí mo fẹ́ràn ní ọmọ kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù gan-an ní Triple-A (líìgì tó wà nísàlẹ̀ líìgì ńlá), àmọ́ first base (ibùdó àkọ́kọ́ lórí pápá) nìkan ló mọ̀ ọ́n dúró sí, ẹni tó wà níbẹ̀ sì ṣì ní àdéhùn ọdún púpọ̀. Tá a bá fi ọmọ yìí ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú tíìmù míì, ṣé pitcher (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù) ló yẹ ká gbà ni àbí àwọn ọmọ kéékèèké méjì mẹ́ta?

— Pitcher ni jàre! Ní December 2011 Joey Votto ló dí ọ̀nà mọ́ Yonder Alonso ní first base tíìmù Reds, wọ́n bá kó Alonso àti àwọn mẹ́ta míì fún tíìmù Padres, wọ́n gba pitcher kan, Mat Latos, ó wín géèmù 14 ní 2012, Reds sì gba ipò kìíní ní NL Central, ìyẹn ìpín wọn nínú líìgì ńlá. Ọdún ṣì pọ̀ tí Latos máa lò kó tó lómìnira láti lọ sí tíìmù míì, ìyẹn gan-an ni kẹ́ ẹ wò.

— Ẹ rọra o. Lẹ́yìn tí Alonso dé ni Padres fi Anthony Rizzo, tóun náà ń dúró sí first base, fún tíìmù Cubs, wọ́n gba pitcher, Andrew Cashner, Rizzo wá gba World Series (ife ẹ̀yẹ líìgì ńlá) 2016 lọ́hùn-ún! Apá pitcher tètè ń bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ dán ọmọ yẹn wò ní left field (ọ̀nà jíjìn lápá òsì pápá) ná.

— Wọ́n ti dán an wò, kò lè sáré. Pitcher tó ṣì ní ọdún mẹ́ta láti lò kó tó lómìnira láti lọ ni mo fẹ́ báyìí, ẹ ṣé gan-an.