Mo fi agbọ̀n mẹ́rin ṣíwájú, síbẹ̀ bàbá kan nà mí: ta ni match play ti da orí ẹ̀ rú rí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Texas:
Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe disc golf níbi tí ẹ wà, eré tí a ti ń ju díìsìkì, àwo pẹlẹbẹ, sínú agbọ̀n onírin tó ní ṣéènì, ẹ bá mi dá sí i. Tó bá jẹ́ pé gbogbo jíjù la máa kà pọ̀, ara mi máa ń balẹ̀. Ṣùgbọ́n Sátidé tó kọjá, match play ni, èmi àti bàbá òyìnbó kan tí wọ́n á ti máa sún mọ́ àádọ́rin ọdún. Ẹni tí jíjù ẹ̀ bá kéré jù ló jẹ agbọ̀n yẹn. Tó bá dọ́gba, ọ̀mì. Nígbà tí a fi kúrò ní agbọ̀n 12, mo ti fi mẹ́rin ṣíwájú, ó ku mẹ́fà. Mo ti ń ro ohun tí n ó jẹ lálẹ́. Ni bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ajá wọn fún mi. Wọ́n jẹ 13, 14, 15, 16. A ta ọ̀mì ní 17. Ní 18, mítà márùn-ún péré ló kù mí sí agbọ̀n, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí ọwọ́ ẹni tí ibà ń ṣe. Díìsìkì kọ lu etí agbọ̀n, ó já bọ́. Bàbá bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní kí n bá wọn kí ará ilé.

Kòkúmọ́:
Ajá yẹn ló nà ẹ́.

Àdùkẹ́ Finland:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Níbí, tọmọdé tàgbà ló ń jù ú, àní nínú yìnyín. Obìnrin kan tí a jọ figagbága, jíjù ẹ̀ àkọ́kọ́ kó sódò, wọ́n sì fi jíjù kan kún tiẹ̀ bí ìyà. Mo ní ó parí. Mo rọra gbé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n, mi ò tilẹ̀ gbìyànjú kó wọlé. Bó ṣe jù ú láti òkèèrè nìyẹn, ju ogún mítà lọ, mo kàn gbọ́ ariwo ṣéènì ni, ṣààà! Agbọ̀n tó yẹ kí n jẹ di ọ̀mì. Láti ọjọ́ náà, kí ẹni tí mò ń bá figagbága tó jù ni mo ti máa ń sọ fún ara mi pé tiẹ̀ ti wọlé.

Ọlọ́pọ́n Ọ̀yọ́:
Ẹ̀yin rò pé tuntun lèyí? Nídìí ayò, àwọn òǹwòran á máa fi ọ̀rọ̀ gún ọ títí o ó fi ka ọmọ ayò ṣì. Ọ̀ta kì í dá wọn lóhùn. Ọmọ Ìjẹ̀bú, òpè ni ẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Texas:
Ẹ̀gbọ́n, mo gbà. Ṣùgbọ́n nídìí ayò, ẹ jókòó. Àwa ń fẹsẹ̀ rìn láti agbọ̀n kan sí òmíràn, ibẹ̀ gan-an lọkàn ti ń pani.

Lánre:
Òjóró ni bàbá yẹn ṣe. Òfin ò gbà kí èèyàn máa dí ẹlòmíì lọ́wọ́.

Àdùkẹ́ Finland:
Ṣé ìgbà tó fẹ́ jù ni wọ́n sọ̀rọ̀ ni? Ojú ọ̀nà ni. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá lòfin fún ẹ láti fi jù, òun ló yẹ kó fi gbọ́kàn kúrò lára ajá.

Lánre:
Òjóró ni.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ jọ̀ọ́, àwo tí ẹ ń jù kiri yìí, ṣé wọ́n ń sanwó fún yín ni?

Kòkúmọ́:
Wọ́n ń san fáwọn ọ̀gá, mà. Èmi ni mò ń sanwó ní tèmi. Mẹ́ta ló ti bá odò lọ lóṣù yìí.

Ìyá Ìbejì:
Háà! Ẹ má ju tilé ìdáná mi o.

Dépò Maryland:
Ẹ rántí ìdíje àgbáyé 2021 ní Ogden, Utah. Paul McBeth fi jíjù kan ṣoṣo ṣíwájú James Conrad, agbọ̀n tó kẹ́yìn ló kù. Conrad jù ú láti nǹkan bíi mítà 75, ó wọlé tààrà! Wọ́n dọ́gba, Conrad sì jẹ agbọ̀n àfikún.

Kòkúmọ́:
Ìyẹn kì í ṣe match play. Gbogbo jíjù ni wọ́n kà.

Dépò Maryland:
Mo mọ̀. Ṣé ẹni tó wà níbẹ̀ wá ń ro ìyẹn?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Texas:
Bàbá ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ o. Sátidé tó ń bọ̀, a tún máa pàdé. Wọ́n ní àwọn á mú ajá náà wá.