Àrọ tàbí ṣọ́ọ̀bù: kí lojú yín ti rí?

Aláró Ìtòkú

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ kan wà lórí ọjà títà lórí ayélujára tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, ṣùgbọ́n kí n tó béèrè, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Àdìrẹ ni mò ń ṣe, ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti gbà á. Ní 2022, ọmọkùnrin kan tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa wá bá mi, ó ní láyé òde òní, ẹni tí ò bá ní wẹ́bùsáìtì kò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo san ₦180,000. Kí n má parọ́, iṣẹ́ ọ̀hún rẹwà. Àwòrán mi ló wà lójú-ewé àkọ́kọ́, mo ń fa aṣọ jáde látinú ìkòkò, aró ṣì ń kán tó-tó-tó. Gbogbo ilé la pè wá wò ó.

Oṣù mẹ́ta kọjá, ẹnikẹ́ni ò ra ìborùn kan péré. Ọmọ náà wá fi ibi tí wọ́n ti ń ka iye àlejò hàn mí. Èèyàn mẹ́rin lóòjọ́. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn mẹ́rin náà rèé: èmi, àbúrò mi, ọmọ náà fúnra ẹ̀, àti ẹnì kan ní Rọ́ṣíà tí a ò mọ ohun tó ń wá.

Kò tíì tán o. Ní 2023, ọmọ náà japa lọ sí Kánádà. Àṣé orúkọ tiẹ̀ ló fi gba orúkọ ìkànnì wa, ímeèlì tiẹ̀ ló sì wà níbẹ̀. Nígbà tí owó ọdún tó san, dọ́là ni wọ́n ń béèrè. Dọ́là tí ò tó ₦470 ní báǹkì nígbà tó kọ́ iṣẹ́ náà, ó ti lé ní ₦1,500 ní oṣù Kejì 2024. Káàdì náírà mi ò sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí i, ó ní òun á wò ó. Ó ń wò ó títí dòní. Bí a ò ṣe rí owó san, orúkọ náà bọ́ lọ́wọ́ wa. Bí ẹ bá tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lẹ máa bá níbẹ̀.

Àbúrò mi wá ní kí n fi wẹ́bùsáìtì sílẹ̀, pé sales funnel ni kí n ṣe. Ó ṣàlàyé títí, kò yé mi, àfìgbà tó ní àrọ ni, irú èyí tí àwọn elépo fi ń rọ kẹrosíìnì sínú ìgò. Èmi aláró, ṣé kí n wá di alárọ? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ má fi pamọ́ fún mi.

Ọlọ́ṣẹ Bódìjà

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Èmi ti di alárọ láti 2021, àpá ẹ̀ sì wà lára mi.

Ọṣẹ dúdú àti òrí ni mò ń tà n'Íbàdàn. Mo máa ń fi fídíò ìṣẹ́jú kan polówó lórí Facebook. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á bọ́ sí ojú-ewé kan ṣoṣo. Kò sí ìtàn ìgbésí ayé mi níbẹ̀, kò sí ọ̀nà míì tó lè yà sí. Ọṣẹ nìyí, iye rẹ̀ nìyí, ohun tí àwọn tó ti lò ó sọ nìyí, kọ orúkọ, nọ́ńbà àti àdírẹ́ẹ̀sì rẹ síbí. Lẹ́yìn náà ni mo máa pè wọ́n. Ohun tí wọ́n ṣe ń pè é ní àrọ nìyẹn: ẹnu ẹ̀ fẹ̀ lókè, ìdí ẹ̀ tín-ín-rín. Èrò á wò ó, díẹ̀ á tẹ̀ ẹ́, ìwọ̀nba á rà á.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ₦5,000 ni mò ń ná sórí ìpolówó lójúmọ́. Èèyàn mọ́kànlélógójì ló kọ orúkọ sílẹ̀. Mo jó! Mo kó ọṣẹ fún àwọn ọlọ́kadà, kí wọ́n gba owó bí wọ́n bá ti gbé e délé oníbàárà. Mọ́kàndínlógún ló gbà á. Ọ̀kan ní ọkọ òun ò fọwọ́ sí i. Ọ̀kan ní òun kàn ń dán an wò ni, òun ò mọ̀ pé a máa wá lóòótọ́. Obìnrin kan ní Ìwó Road, ọlọ́kadà dúró níwájú géètì ẹ̀ tó ń pè é. Aṣọ fèrèsé ṣí díẹ̀, ojú kan yọ, aṣọ fèrèsé padà, fóònù kú. Méjìlélógún tó padà wá, ₦1,500 ni owó ọ̀nà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ₦33,000 bá ọ̀nà lọ, láì tíì ka ₦35,000 ìpolówó.

Láti ọjọ́ náà, owó ọ̀nà ni mo máa ń kọ́kọ́ gbà. Àwọn tó ń kọ orúkọ dín kù sí ìdajì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti san ₦1,500 kì í paná fóònù.

Ohun kan tí wọn ò sọ fún mi níbẹ̀rẹ̀: ọjọ́ tí owó ìpolówó bá tán, àrọ gbẹ nìyẹn. Oṣù tí mo bímọ, mi ò polówó rárá. Ọṣẹ mẹ́ta ni mo tà, ìyá mi ló sì ra méjì.

Ẹlẹ́ja Bàdágìrì

Èmi ò ní èyíkéyìí nínú ẹ̀. Ẹja yíyan, WhatsApp, ó parí. Àwòrán ẹja tòní, iye ẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Ohun tí mi ò lè gbà ni àwọn tó máa gbé ọjà síta tí wọ́n á ní ká wá bá wọn ní ìkọ̀kọ̀ ká tó gbọ́ iye. Kí ló wà ní ìkọ̀kọ̀? Mo ti kọjá lọ nìyẹn.

Bàbá Sólà, Ìlọrin

Ìyá Aláró, ẹ má tíì sá fún wẹ́bùsáìtì o. Kì í ṣe gbogbo ọjà ló gba ìdí àrọ kọjá.

Sólà àti inverter ni mò ń tò. Ta ni yóò yọ mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé lórí fóònù láàárọ̀ yẹn? Mo dán an wò. Mo gba nọ́ńbà èèyàn tó lé ní ọgọ́rin, mo pè wọ́n títí ohùn mi fi há. Èyí tó sòótọ́ jù nínú wọn ní òun kàn fẹ́ mọ iye tí òun máa fi gbàdúrà ni.

Ojú-ewé mẹ́rin péré ni wẹ́bùsáìtì mi, kò sì rẹwà. Àwòrán ilé tí a ti ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, iye bátìrì tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá ó ń gbé fíríìjì tàbí páǹpù omi, nọ́ńbà tí ìjọba fi forúkọ ilé-iṣẹ́ wa sílẹ̀ ní CAC, àti ojú-ewé kan tí mo fọwọ́ ara mi kọ nípa bí èèyàn ṣe lè ṣírò iná tí ilé ẹ̀ ń jẹ. Alẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ìyẹn, ìyàwó mi ń fi mí ṣẹ̀sín. Fún oṣù mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó pè.

Nígbà tó di oṣù Kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní iná wọn gbọ́dọ̀ tó ogún wákàtí lóòjọ́, láti ₦68 sí ₦225 fún kílówáàtì kan ní wákàtí kan. Lọ́sẹ̀ yẹn, mi ò lè jẹun kí fóònù má dún. Àwọn tó lọ bi Google bí wọ́n ṣe lè ṣírò iná ilé wọn ni, ojú-ewé ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni wọ́n bá. Mi ò ná kọ́bọ̀ sórí ìpolówó. Ẹni tó ń wá yín kiri yàtọ̀ sí ẹni tí ẹ̀yin ń wá kiri. Owó iná á lé èèyàn wá bá mi. Kò sẹ́ni tó máa jí láàárọ̀ kó máa wá ọṣẹ dúdú.

Ọlọ́ṣẹ Bódìjà

Wọ́n ń wá a o, sà! Irorẹ́ ò tíì bo ojú yín ni.

Bàbá Sólà, Ìlọrin

😂 Mo túúbá, àǹtí.

Tíṣà Houston

Ẹ kú àtijọ́. Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, lórí fídíò. Àrọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀: òbí tó bá fún mi ní ímeèlì ẹ̀, mo máa fún un ní ìwé orúkọ ẹ̀yà ara lọ́fẹ̀ẹ́, tí ọmọ lè tẹ̀ jáde kó fi ọ̀dà kùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, mo á kọ̀wé sí i nípa kíláàsì. Ohun gbogbo yòókù, orí WhatsApp ni.

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹwàá 2021, WhatsApp, Facebook àti Instagram lọ pọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa. Agogo mẹ́rin ni kíláàsì, orí WhatsApp ni mo sì máa ń fi líǹkì ránṣẹ́ sí. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé àwọn ímeèlì ìwé ẹ̀yà ara wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Mo kọ̀wé sí gbogbo wọn. Ọmọ méjìlá ló wà ní kíláàsì, mẹ́sàn-án ló wọlé. Ìyá Aláró, ibi yòówù kí ẹ ti pàdé oníbàárà, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ síbi tó jẹ́ tiyín.

Aláró Ìtòkú

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọmọ mi ló kà á sí mi létí bí mo ṣe ń sá aṣọ.

Ẹ wo ohun tí mo ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo gba orúkọ tuntun, .com.ng, náírà ni mo fi san án, orúkọ mi àti ímeèlì mi ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹ̀ sì wà nínú ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè. Ojú-ewé kan ṣoṣo ni, àwọn tó ń wá aṣọ ẹbí ni mo sì kọ ọ́ fún: iye ọ̀sẹ̀ tí aṣọ èèyàn ogún máa gbà mí, iye tí ti èèyàn ọgọ́rùn-ún máa gbà, àti fídíò ibi tí mo ti ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ, kí wọ́n lè rí i pé kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ wá láti China. Ní ìsàlẹ̀, kí wọ́n kọ nọ́ńbà àti ọjọ́ ìnáwó wọn sílẹ̀. Àrọ ni o, ṣọ́ọ̀bù ni o, mi ò mọ̀ mọ́.

Ìyàwó ọ̀nà kan láti Òṣogbo ti kọ ọjọ́ tiẹ̀, ó fẹ́ ti èèyàn ọgọ́ta. Mo ní kó san ìdajì kí n tó po aró. Ọlọ́ṣẹ ló kọ́ mi. Kò tíì san o, ṣùgbọ́n kò tíì paná fóònù.

Ẹlẹ́ja Bàdágìrì

Mà, ẹ̀yin náà ò kọ iye síbí! Èló ni yáàdì márùn-ún?

Aláró Ìtòkú

₦16,000. Ẹni tó bá mú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, ₦14,500 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ ó fi ẹja díẹ̀ kún un?