Ilẹ̀ olóró, ilẹ̀ eléwu: ọ̀rọ̀ kan ò lè jẹ́ méjèèjì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí à ń wá fún ohun tí Òyìnbó ń pè ní “contaminated land”.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí fún ilẹ̀ tí epo, òjé tàbí kẹ́míkà ti rin wọ̀: “ilẹ̀ ìdọ̀tí”, “ilẹ̀ bíbàjẹ́” àti “ilẹ̀ olóró”. Ẹ̀gbọ́n tó mú “ilẹ̀ bíbàjẹ́” wá ní òun ló máa tètè yé ẹni tó ń ra púlọ́ọ̀tì l'Àkúrẹ́. Òótọ́ ni, yóò tètè yé e. Ohun tí yóò yé e gan-an ni mo fẹ́ ká wò.

“Ìdọ̀tí” ni mo kọ́kọ́ fẹ́ yọ kúrò. Ohun tí ojú rí, tí ìgbálẹ̀ sì lè gbá, là ń pè ní ìdọ̀tí. Benzene, kẹ́míkà olóró kan tó wà nínú pẹtiróòlù, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má kọjá nínú omi mímu jẹ́ 0.01 mílígírámù nínú lítà kan. Ní ìwọ̀n yẹn, omi kànga á mọ́ gaara, imú ò sì ní gbọ́ òórùn kankan. Ààtàn náà tún ń da ọ̀rọ̀ rú. Àwọn àgbà mọ̀ pé ilẹ̀ ọlọ́ràá ni ilẹ̀ ààtàn, pé tẹ̀tẹ̀ àti tòmátò máa ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Wọn ò purọ́: èèpo iṣu àti eérú ló wà nínú ààtàn ayé ijọ́un. Bátìrì àti wáyà wà nínú tòde òní, òjé kì í sì í jẹrà bí èèpo iṣu.

Ní ti “bíbàjẹ́”, ohun tó dára tẹ́lẹ̀ ló ń bàjẹ́. Ẹ wá lọ sí Àgbábù ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí bítúmẹ̀nì, ọ̀dà dúdú inú ilẹ̀, ti ń sun jáde fúnra rẹ̀ láti inú ilẹ̀. Ìgbà wo nilẹ̀ ọ̀hún dára tó wá bàjẹ́? Ẹ sì rántí Zamfara lọ́dún 2010. Òjé wà nínú àpáta tí wọ́n ti ń wa góòlù, ó ti wà níbẹ̀ látayébáyé. Ìgbà tí wọ́n kó òkúta náà wálé, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́ nínú agbo ilé, ni eruku rẹ̀ dé ẹnu àwọn ọmọdé, tí bíi 400 nínú wọn sì kú. Àpáta ò yí padà. Ọ̀nà tó dé ẹnu ọmọ ló ṣí.

“Olóró” ló sún mọ́ ọn jù, mo sì fara mọ́ ọn, bí a ò bá ṣáà ti fi rọ́pò “ilẹ̀ eléwu”. Ejò inú apẹ̀rẹ̀ tí a dé pa ní oró. Ìgbà tẹ́nì kan bá ṣí ìdérí lewu dé. Òfin ààbò àyíká Ìlú Ọba ti ọdún 1990, ní Apá 2A rẹ̀, tẹ̀ lé irú ìyàtọ̀ yìí: pé kẹ́míkà wà nínú ilẹ̀ nìkan kò tó, ó gbọ́dọ̀ ti máa ṣe ìpalára tó lágbára tàbí kó hàn gbangba pé ó lè ṣe é. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ so kọ́ra kí ilẹ̀ olóró tó di eléwu: orísun, ọ̀nà, àti ẹni tàbí ohun tí oró máa bá.

Ẹnì kan dábàá “olùgbà” fún ẹ̀kẹta, tí Òyìnbó ń pè ní “receptor”. Létí tèmi, olùgbà ni ẹni tó ń gba lẹ́tà tàbí owó oṣù. “Olùfaragbá” ni mo yàn. Wọ́n á ní ẹni tí nǹkan ti ṣe tán ló fara gbá. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó wà nílé lásìkò ìsinmi, ṣebí olùkọ́ náà ni. Olùfaragbá sì lè jẹ́ kànga, ó lè jẹ́ páìpù. Epo pẹtiróòlù a máa gba ara páìpù oníke (polyethylene) wọnú omi láìjẹ́ pé páìpù jò. Ẹni tó fẹ́ ri páìpù omi kọjá níwájú ilé epo àtijọ́ gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó náwó.

Ẹ jẹ́ ká fi ọgbà mẹkáníìkì kan dán àwọn ọ̀rọ̀ yìí wò. Orísun: ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, pẹtiróòlù, omi bátìrì. Ọ̀nà: orí àpáta àtijọ́ l'Àkúrẹ́ jókòó lé, inú ilẹ̀ tó rà lórí àpáta àti inú sísán rẹ̀ lomi kànga wà. Amọ̀ a máa dá epo dúró díẹ̀. Bó bá kan ojú sísán, á sáré. Pẹtiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ, orí omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń léfòó sí. Lẹ́ẹ̀rùn, omi á lọ sílẹ̀, epo á bá a lọ. Tójò bá dé, omi á gòkè, epo á sì lẹ̀ mọ́ gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín. Olùfaragbá: kànga àti ẹni tó ń mu omi rẹ̀. Ẹni tó bu yẹ̀pẹ̀ òkè nìkan á wá jẹ́rìí pé ilẹ̀ mọ́.

(Ohun tí a bù yẹn ńkọ́? “Àpẹẹrẹ” ni ìwé ń pè é. “Àbùwò” dùn mọ́ mi ju bẹ́ẹ̀ lọ: ohun tí a bù láti wò. Ìgò ni kí a fi bù ú, kì í ṣe ike, nítorí ike a máa fa epo mọ́ra; kí ó kún dé ẹnu, kí ìdérí le, kí ó wà nínú kúlà oní-yìnyín. A kì í po àbùwò ibi mẹ́ta pọ̀ láti dín owó kù: èyí tó mọ́ á dín oró èyí tó lóró kù, epo á sì bá afẹ́fẹ́ lọ nígbà tí a ń pò ó.)

Ọ̀rọ̀ tí mo bẹ̀rù jù ni “ìwẹ̀nùmọ́ ilẹ̀”. Yàtọ̀ sí pé ó ń rùn bí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, irọ́ ló sábà máa ń jẹ́. Èèyàn lè kó yẹ̀pẹ̀ olóró lọ, ìyẹn yọ orísun. Ó lè fi amọ̀ tàbí kọ́ńkéré bò ó, ìyẹn dí ọ̀nà, ṣùgbọ́n oró ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀. Bí a bá wá sọ fún onílé pé “a ti wẹ̀ ẹ́ mọ́”, ọdún tó ń bọ̀ ni yóò gbẹ́ kànga gba inú ìbòrí yẹn kọjá. “Àtúnṣe ilẹ̀” ni kí a lò, kí a sì sọ èwo la gé nínú orísun, ọ̀nà àti olùfaragbá.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àríyànjiyàn orí ọ̀rọ̀ lásán lèyí. Ìlànà EGASPIN tó wà fún ilé-iṣẹ́ epo lórílẹ̀-èdè wa ní ìwọ̀n méjì fún epo nínú ilẹ̀: 5,000 mílígírámù nínú kílò kan ni ibi tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, 50 sì ni ibi tí à ń lọ. Nígbà tí UNEP, àjọ àyíká ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé, gbé ìjábọ̀ jáde lọ́dún 2011 lórí epo tó ba ilẹ̀ Ogoni ní ìpínlẹ̀ Rivers jẹ́, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó o kò túmọ̀ ìlànà yìí bákan náà, àwọn elépo sì ń rí àyè pa iṣẹ́ tì kí oró tó tán. Ní Nisisioken Ogale, ìlú kan nílẹ̀ Ogoni, benzene inú omi kànga ju ìwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ ní ìlọ́po 900. Mo dábàá “ìwọ̀n ìdìde” fún 5,000 àti “ìwọ̀n ìsinmi” fún 50. Ẹni tó bá gbọ́ “ìdìde” kò ní ṣì í gbọ́ pé kóun jókòó síbẹ̀.

Ó ku ìwé. C of O ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Kò sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí àwọn tó ń fọwọ́ sí pláànì ilé bá gbà láti fi ìlà kan kún ìwé àṣẹ ìkọ́lé lórí ilẹ̀ mẹkáníìkì, ilé epo tàbí ààtàn, bí mo ṣe fẹ́ kó kà rè é: “Ilẹ̀ olóró ni. A ti dí ọ̀nà, a kò yọ orísun. Ẹ má gbẹ́ kànga.”