Ta ní ń yẹ omi etí òkun wò kí ọmọ ènìyàn tó wọ inú rẹ̀?

Ìyá Àkọ́bí, Adó-Èkìtì
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá, mo sì ń fẹ́ ìmọ̀ràn yín. Àwa òbí kan nínú ìjọ wa háyà bọ́ọ̀sì, a sì kó àwọn ọmọdé lọ sí etí òkun kan ní Èkó. Wọ́n gba owó ẹnu ọ̀nà lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n gba owó àga, wọ́n gba owó ibi ìgbọ́kọ̀sí, kódà wọ́n tún gbowó lórí kúlà oúnjẹ tí a fi ọwọ́ ara wa gbé wá láti Adó. Pẹ̀lú gbogbo owó yìí, n kò rí pátákó kan ṣoṣo tí ó sọ fún wa bóyá omi náà dára láti lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí mo bi ẹ̀ṣọ́ kan, ó ní òkun ni òkun ń jẹ́, àti pé kò sí ẹni tí ń yẹ òkun wò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti mú ọmọ mẹ́rin. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 11, ń tọ ẹ̀jẹ̀ báyìí. Mo ti ń kọ ìwé ẹ̀hónú sí ìjọba, ojú ewé mẹ́ta ti kún. Ta ni kí n kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kí sì ni kí n fi kún un tí wọn kò fi ní sọ ọ́ nù?

Ará Ọ̀mùò
Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an ni mo máa bá wí. Kí ni ọmọ Èkìtì ń wá nínú òkun, nígbà tí Ìkògosì wà nílé, tí omi gbígbóná àti omi tútù ń pàdé níbẹ̀? Nígbà tí àbúrò mi gbéyàwó ní Èkó, a yà sí etí òkun, omi sì gbé bàtà mi méjèèjì lọ níṣojú mi. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ mi kò tẹ ibẹ̀ mọ́. Ohun mìíràn ni pé iyọ̀ máa ń pa kòkòrò, nítorí náà oúnjẹ inú kúlà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ní California
Ẹ̀gbọ́n, iyọ̀ kò pa gbogbo kòkòrò. Oríṣi kan wà tí wọ́n ń pè ní enterococci, inú ìfun ènìyàn àti ẹranko ni ó ti ń wá, ó sì máa ń pẹ́ nínú omi iyọ̀ ju E. coli, tí òun náà jẹ́ kòkòrò inú ìfun, lọ. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń wá a nínú òkun, torí bí ó bá pọ̀ níbẹ̀, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí omi ìgbẹ́ ti dé ibẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan níhìn-ín, mo rí ọmọbìnrin kan tí ó ká ṣòkòtò sókè, tí ó wọ òkun dé kókósẹ̀. Ó dojú ìgò kékeré kan délẹ̀, ó tì í bọ omi, ó yí ẹnu rẹ̀ sókè, ó fi ọmọrí dé e, ó kọ àkókò sí ara rẹ̀, ó sì gbé e sórí yìnyín. Ó sọ fún mi pé láàárín wákàtí 6 ni ó yẹ kí ó dé láàbù, àti pé wọ́n máa fi pamọ́ sínú ooru fún wákàtí 24 kí wọ́n tó rí ohun tí wọ́n máa kà. Omi àná ni èsì òní ń sọ, èyí sì ni àléébù àyẹ̀wò náà. Ìlànà tí àjọ ààbò àyíká Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2012 ni pé ìpíndọ́gba enterococci kò gbọdọ̀ ju 35 lọ nínú mìlílítà 100. Bí ó bá ti kọjá ìwọ̀n, pátákó ìkìlọ̀ á dé etí omi. Wọ́n sì máa ń kìlọ̀ níhìn-ín pé kí ènìyàn yàgò fún òkun fún wákàtí 72 lẹ́yìn òjò, nítorí gbogbo ìdọ̀tí ojú títì ni àgbàrá ń gbá lọ síbẹ̀. Ṣé òjò rọ̀ kí ẹ tó débẹ̀?

Ìyá Àkọ́bí
Òjò rọ̀ mọ́jú, ṣùgbọ́n oòrùn ti ràn nígbà tí a débẹ̀, a sì ti san owó bọ́ọ̀sì. N kò fi àwọn ọmọ sí ojú ìgbì. Ibi tí omi kékeré kan ti ń ṣàn wọ òkun ni mo kó wọn sí, níbi tí kò jìn, mo sì dúró tì wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ mí di aláìbìkítà.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ní California
Ìyá wa, ẹnu gọ́tà ni ibẹ̀ yẹn. Ibi tí ó dọ̀tí jù lẹ́yìn òjò nìyẹn.

Bàbá Ìkọ̀lé
Ọmọ tí ń tọ ẹ̀jẹ̀, àtọ̀sí ni. Ẹ lọ wá àgbo fún un.

Ìyá Àkọ́bí
Bàbá, ọmọ ọdún 11 ni ọmọ mi! Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Ìjerò
Ìyá Àkọ́bí, ẹ fara balẹ̀. Àtọ̀sí ajá ni Bàbá ní lọ́kàn, kì í ṣe èyí tí ọkùnrin àti obìnrin ń kó ran ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbo kọ́ ni oògùn rẹ̀. Aràn ni ó ń fà á. Inú ìgbín wẹ́wẹ́ tí ń gbé odò àti adágún ni aràn náà ti ń dàgbà, á wá jáde sínú omi, á sì gba awọ ara wọlé sí ẹni tí ó bá wọ omi náà. Kò sí nínú òkun. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í sì í tètè hàn, ó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ mélòó ni ẹ ti dé láti Èkó? Omi wo ni ọmọ náà tún máa ń wọ̀?

Ará Ọ̀mùò
Mo ti sọ fún yín pé òkun kọ́.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ní California
Ẹ̀gbọ́n, kúlà ni ẹ sọ.

Ìyá Àkọ́bí
Ọjọ́ 9 ni a ti dé. Nọ́ọ̀sì, ó yẹ kí n ti sọ èyí tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni ọmọ náà ti lo gbogbo ọlidé, dáàmù kan sì wà lẹ́yìn ilé wọn tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń lúwẹ̀ẹ́ ní ojoojúmọ́. Kí a tó lọ sí Èkó ni ìyá mi ti pè mí pé ìtọ̀ rẹ̀ máa ń pọ́n bí ó bá kù díẹ̀ kí ó tọ̀ tán. Mo ní sóbò tí ó ń mu ni.

Nọ́ọ̀sì Ìjerò
Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la, kí wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀ láàárín agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ sí agogo méjì ọ̀sán, torí àsìkò yẹn ni ẹyin aràn náà máa ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀. Praziquantel ni oògùn rẹ̀. Bí ọmọ bá ṣe wọ̀n tó ni wọ́n ń fún un, nítorí náà ẹ má rà á fúnra yín. Ẹ sì yọ ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ìwé ẹ̀hónú yín, nítorí òun ni wọ́n máa fi já gbogbo ìyókù nírọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn bá omi ìdọ̀tí mu. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ lọ, òjò tí ó rọ̀ mọ́jú, ẹnu gọ́tà náà, wákàtí tí wọ́n lò nínú omi, àti ìgbà tí èébì bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ti kúlà pamọ́, ẹ kọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ. Kí ẹ wá béèrè pé kí wọ́n máa yẹ omi náà wò lóòrèkóòrè, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ti ń gbowó.

Ìyá Àkọ́bí
Mo ti fa ojú ewé kejì ya, mo sì ń tún un kọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ọmọ náà, ó ní àwọn mẹ́fà ni wọ́n jọ máa ń wọ dáàmù náà. Mo ti rí ìyá mẹ́ta pè lórí fóònù. Ìyá mi yóò lọ sí ilé àwọn méjì yòókù ní ìdájí.