Ológbò tó ń gbọ̀n lẹ́yìn oògùn eégbọn: ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Elélùbọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ oògùn eégbọn tí wọ́n ń kán sí ológbò lọ́rùn ni mo gbé wá, torí ohun tójú mi rí, mi ò rò pé èmi nìkan ló rí i. Màámi ń ta èlùbọ́ àti ẹ̀wà, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ń ta ohun jíjẹ tí ò lólógbò, èkúté ló ń tajà fún. Sísí lorúkọ tiwa. Funfun ni, etí ẹ̀ kan dúdú, tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù kò séku tó tó bẹ́ẹ̀ kó dá àpò lu.

Eégbọn wá bò ó. Kì í ṣe èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ màlúù tàbí ajá létí tó ń mu ẹ̀jẹ̀ tó ń wú o, èyí kékeré tó ń fò ni. Tẹ́ ẹ bá ya irun ẹ̀ ẹ máa rí i tó ń sá, ìgbẹ́ ẹ̀ á wà nídìí irun bí ata dúdú tí wọ́n gún, tẹ́ ẹ bá wá fi òwú tútù nù ún á di pupa, torí ẹ̀jẹ̀ ológbò yẹn náà ló mu tó yà. Àbúrò mi ọkùnrin ló lọ ra oògùn. Ẹni tó tà á fún un ní ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀, pé ti ajá ló wà ńlẹ̀, kó ṣáà kán ìdajì, ológbò ò kúkú tóbi.

Ìrọ̀lẹ́ ló kán an. Kílẹ̀ tó ṣú tán, etí Sísí ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Etí ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ o, á ta pọ́ún, á dákẹ́, á tún ta, a rò pé eṣinṣin ni. Ìgbà tó yá ó kan ẹsẹ̀ iwájú, ó ń jù ú, ó ń jù ú, awọ ẹ̀yìn ẹ̀ wá ń sáré fúnra ẹ̀ látọrùn lọ sí ìdí, ojú ẹ̀ là kalẹ̀, tó bá fẹ́ dìde ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ò gbé e, á ṣubú sọ́tùn-ún á ṣubú sósì. Mo fọwọ́ kàn án, ara ẹ̀ gbóná janjan.

Ṣé ẹ mọ àwọn èèyàn wa. Kíá ni wọ́n ti pé lé wa lórí. Ìyá kan ní ká tètè bu epo pupa sí i lẹ́nu, ẹlòmíì ní mílíìkì ni, bàbá kan ní ológbò kì í gbọ̀n lásán, pé ayé ló ń jà lára ẹ̀, ká má fọwọ́ kàn án. Màámi ní, "Ayé wo? Ṣé ayé tó wà nínú ike oògùn yìí ni?" Ẹ̀rín pa mi níbi tí ẹkún ti fẹ́ẹ́ gbọ̀n mí.

Bọ́dà kan ládùúgbò wa tó ń sin adìyẹ ló ní nọ́ńbà dókítà ẹran. A pè é. Kò tiẹ̀ béèrè bí ológbò ṣe ń ṣe, ó ní ká ka ohun tí wọ́n kọ sára ike. Mo ka permethrin fún un. Ó ní, "Ti ajá ni. Ẹ má fún un ní nǹkan kan lẹ́nu. Ẹ lọ fi ọṣẹ abọ́ olómi wẹ̀ ẹ́ báyìí báyìí, kẹ́ ẹ máa gbé e bọ̀."

Bó ṣe ní ká wẹ̀ ẹ́ nìyí, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan máa nílò ẹ̀: omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò gbọ́dọ̀ gbóná, torí tí omi bá gbóná awọ á tún máa fa oògùn wọlé sí i, kò sì gbọ́dọ̀ tutù, ẹni tó ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀ ẹ ẹ̀ tún lè fi òtútù kún un. Ẹ wé nylon mọ́wọ́ yín. Ibi tí wọ́n kán an sí gan-an ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ho ọṣẹ yẹn níbẹ̀ dáadáa títí dé awọ, torí oògùn yẹn lọ́ràá, omi lásán ò lè mú un kúrò, ẹ ṣàn án, ẹ tún ho ó, kó má kó sí i lójú. Lẹ́yìn náà ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì nù ún gbẹ, ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn tí kò sáriwo, torí gbogbo ìgbà téèyàn bá fọwọ́ kàn án tàbí tẹ́nì kan bá pariwo ni gbígbọ̀n yẹn máa ń le sí i. Rédíò ẹni tó ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àfìgbà tá a bẹ̀ ẹ́ kó tó pa á.

Nígbà tá a dé ọ̀dọ̀ dókítà, abẹ́rẹ́ tó ń dẹ iṣan ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, methocarbamol ni wọ́n pè é, wọ́n wá fi dírípù sí i. Dókítà ní kò sóògùn kan tó ń pa permethrin yẹn fúnra ẹ̀, pé àwọn á kàn máa dáwọ́ gbígbọ̀n dúró, àwọn á máa ṣọ́ ara ẹ̀ kó má gbóná jù, títí ara ẹ̀ fi máa gbé e jáde, ó sì lè gba bí ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ wọn ló sùn. Ó ti padà wálé báyìí, ó ń jẹun, àbúrò mi nìkan ni kì í fẹ́ wò lójú.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló ṣe tiyín?

Ọmọ Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Ẹ kú ewu o, Ọlọ́run ló yọ yín. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀, mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ torí gbogbo ohun tó ń hó lẹ́nu kọ́ ló jẹ́ májèlé.

Oògùn ológbò gan-an ni mo lò, wọ́n ya àwòrán ológbò sí páálí ẹ̀. Àmọ́ ìsàlẹ̀ ọrùn ni ẹni tó bá mi di ẹranko yẹn mú kán an sí, ó ti fẹ́ẹ́ dé àárín ẹ̀yìn. Ológbò ṣe kinní yí ọrùn padà, ó fi ahọ́n lá a lẹ́ẹ̀kan péré. Háà! Itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hó yàà, funfun, ó ń já bọ́, ó ń sáré kiri yàrá, ó ń gbọn orí. Àǹtí mi ti wọ kíṣìnì lọ gbé ìgò epo. Mo ní ẹ dúró ná. Mo wò ó, kò gbọ̀n, ó ń fò gun orí àga dáadáa, mo pè é ó wojú mi. Kíkorò ni oògùn yẹn korò. Mo bu omi ẹja fún un, ó lá a, itọ́ yẹn dá kí n tó fọ abọ́ tán.

Torí náà ibi tí mo ń kán an sí báyìí ni ìpàkọ́, níbi tí ahọ́n ẹ̀ ò lè dé láéláé, mo sì máa ń ya irun títí mo fi máa rí awọ. Tẹ́ ẹ bá ní ju ẹyọ kan lọ ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ kó fi gbẹ, torí wọ́n máa ń lá ara wọn.

Ọ̀rọ̀ epo yìí ńkọ́ gan-an? Gbogbo ilé ló ń ṣe é.

Ọmọ Iṣẹ́ Dókítà Ẹran, Ọ̀yọ́

Ẹ jẹ́ n dá sí i, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Epo kọ́kọ́. Ẹranko tó ń gbọ̀n tàbí tí gìrì mú ò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Epo tẹ́ ẹ bù sí i lẹ́nu, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ, mílíìkì náà bẹ́ẹ̀. Oògùn ò tíì pa á, epo á ti bá yín ṣe é. Mo ti rí i lójú mi, ó máa ń dùn mí torí àánú ló ń mú wọn ṣe é.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí ti ajá fi ń pa ológbò. Ẹ̀dọ̀ ajá ní nǹkan tó fi máa ń di irú oògùn yìí mú tá á sì fọ́ ọ sọ nù. Ti ológbò kéré gan-an, kò ká a, torí náà oògùn á kàn jókòó sínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á máa ta iṣan. Ohun kan náà ló fà á tí paracetamol tá a ń lò fún orí fífọ́ fi ń pa ológbò, ẹ má ṣe fún un láéláé, ì báà ṣe ègé kan. Permethrin tó wà nínú àwọn oògùn kíkán ti ajá máa ń tó ìdá 45 sí 65 nínú 100, ìdajì ẹ̀ ṣì pọ̀ fún ológbò tí kò tó kílò mẹ́rin. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé látara òdòdó ló ti wá torí náà kò léwu. Inú òdòdó chrysanthemum ni wọ́n ti ń rí pyrethrin lóòótọ́, permethrin jẹ́ àfarawé ẹ̀ tí èèyàn ṣe, òun náà le jù fún ológbò.

Gbígbọ̀n yẹn lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì lè pẹ́ tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó jáde, torí náà tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé ti ajá ni wọ́n kán sí i, ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ má dúró kó kọ́kọ́ gbọ̀n. Tẹ́ ẹ bá lájá nílé tẹ́ ẹ kán an fún un, ẹ má jẹ́ kí ológbò bá a sùn títí á fi gbẹ.

Èyí tẹ́ ẹ lè lò fún ológbò ni fipronil, imidacloprid tàbí selamectin tí wọ́n kọ ológbò sí lára, kẹ́ ẹ wo ìwọ̀n kílò ẹ̀. Ọmọ ológbò tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kóòmù nìkan. Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó bá le ju dókítà àdúgbò lọ, Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka ìtọ́jú ẹranko, ó sún mọ́ yín ju ti Yunifásítì Ìbàdàn lọ. Àwa ará Ọ̀yọ́, Ìbàdàn là ń lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Under G, Ògbómọ̀ṣọ́

Tèmi ò dáa o. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá ló fọ́n ọtapiapia sára ọmọ ológbò wa. Kò gbọ̀n bíi ti Sísí níbẹ̀rẹ̀. Itọ́ ló kọ́kọ́ ń dà, omijé ń dà, ó tọ̀ sára, ó yàgbẹ́ gbuuru, ọmọlójú ẹ̀ wá fún pọ̀ di tóótó, bẹ́ẹ̀ inú òkùnkùn la wà torí wọ́n ti mú iná lọ. A wẹ̀ ẹ́. A ò rí mọ́tò ní òru yẹn. Kò débẹ̀.

Dókítà tá a bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà ní dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú kinní yẹn, òun sì ní abẹ́rẹ́ tiẹ̀, atropine, téèyàn bá tètè dé. NAFDAC ti ní kí wọ́n má ta ìgò dichlorvos kékeré 100ml mọ́ láti 2019, síbẹ̀ ẹ lọ sí ojúde yín ẹ wò ó. Mi ò fẹ́ sọ jù báyìí lọ.

Bàbá Ọlájá, Àwẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Ìbéèrè kékeré: kẹrosíìnì ńkọ́? Bàbá tèmi máa ń fi pa ajá lára, eégbọn á sì kú.

Ọmọ Iṣẹ́ Dókítà Ẹran, Ọ̀yọ́

Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ má lò ó. Á jó awọ, ológbò á lá a, òórùn ẹ̀ àti òróró ẹ̀ á wọnú ẹ̀dọ̀fóró. Eégbọn á kú lóòótọ́, ológbò náà lè bá a lọ.

Ìyá Músù, Ọ̀yọ́

Tèmi kàn pa irun dànù ni níbi tí mo kán oògùn sí, ibẹ̀ pọ́n, ó ń họ ọ́. Ó ń jẹun, ó ń ṣeré. Wọ́n ní awọ ẹ̀ ni ò gba oògùn yẹn, a fọ ọ́ kúrò, wọ́n yí irú oògùn padà, irun ti hù. Ẹ̀yin tí tiyín bá ṣe báyìí ẹ má jáyà.

Ọmọ Elélùbọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣé gan-an ni. Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú àmúmọ́ra o, ó dùn mí dénú.

Èyí tí dókítà tún sọ fún wa tó yà mí lẹ́nu ni pé èyí tá à ń rí lára ológbò kéré jọjọ, pé nínú 100 eégbọn bí 95 ló jẹ́ ẹyin àti ìdin àti èyí tó ti sé ara ẹ̀ mọ́nú ilé kékeré tó hun fúnra ẹ̀, ilẹ̀ ni gbogbo wọn wà, èyí tó sé ara ẹ̀ mọ́ yẹn sì lè fara pa mọ́ fún oṣù mélòó kan kó tó jáde. Torí náà ká kàn máa da oògùn sí Sísí lára, lásán ni. A kó àwọn àpò ẹ̀wà jáde sóòrùn, a gbá inú gbogbo ihò sìmẹ́ńtì, aṣọ tó ń sùn lé a fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Màámi ò gbà kí wọ́n fọ́n nǹkan kan sínú ṣọ́ọ̀bù torí èlùbọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi ló ń ya irun Sísí láràárọ̀ báyìí, abọ́ omi ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, eégbọn tó bá kó sí kóòmù á tì í bọnú omi yẹn. Sísí ti ń jẹ́ kó gbé e jókòó lẹ́sẹ̀.

Bàbá Ọlájá, Àwẹ́

Níbo lẹ ti rí irú kóòmù yẹn? Mo béèrè lọ́jà, wọ́n ń wò mí ni.

Ọmọ Elélùbọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ má pè é ní ti ológbò sà. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní kóòmù eléyín wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń yọ iná lórí ọmọdé, ẹ mú onírin, ti rọ́bà máa ń kán.